Ọ̀dà Kò Gbé Ilé Ró



Bí ògiri bá lanu, onílé a pe bíríkìlà kí ó rẹ́ ẹ, a sì kùn ún ní ọ̀dà. Òjò kan péré yóò tú àṣírí, nítorí ìpìlẹ̀ ni àrùn wà.

Ẹ gbọ́ ti ilé Ọlọ́run kan. Ní 1079 ni a bẹ̀rẹ̀ Kàtídírà Winchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lórí ilẹ̀ olómi, irú èyí tí àwa ará Òkìtìpupa mọ̀ létí odò. Ó ń rì díẹ̀díẹ̀. Láti 1906 títí di 1911, òmùwẹ̀ kan, William Walker, ń wọ inú omi òkùnkùn lábẹ́ rẹ̀, ó ń fi àpò kọnkéré dí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àtúnṣe náà ná wọn ju 100,000 pọ́n-ùn lọ. Ojú kò rí iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ilé náà dúró títí di òní.

Bẹ́ẹ̀ ni ọkàn wa. Aṣọ ẹgbẹ́ àti ipò nínú ìjọ, ọ̀dà lásán ni, bí ìrẹ́jẹ tàbí ìkùnsínú bá wà nísàlẹ̀. Ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a wọ inú omi náà. Owó ọ̀nà rẹ̀ kò kéré: kí a dá ohun olóhun padà, kí a bẹ ẹni tí a ṣẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí iye rẹ̀ bà yín lẹ́rù. Ilé tí ó wó ni ó wọ́n jù.