Ǹjẹ́ Bàbá Wà Nílé?

Ta ni à ń pè ní bàbá tó wà nílé?

Àwa ará Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù mọ ohun tí àjò jẹ́. Rélùwéè gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Àwọn bàbá wa bá a lọ sí Òkè Ọya, àwọn mìíràn gba Ghana lọ. Owó ń wá, aṣọ ọdún ń wá. Nígbà tí ìjọba Busia ní kí àlejò tí kò ní ìwé jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ní oṣù kọkànlá 1969, bàbá dé lójijì, ọmọ sì sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀: “Ìyá mi, ta nìyẹn?” A kò dá wọn lẹ́bi o, nítorí oúnjẹ ọmọ náà ni wọ́n ṣe lọ.

Ṣùgbọ́n Élì ńkọ́? Kò re àjò kankan. Ẹnu ọ̀nà ilé Olúwa ní Ṣílò ló jókòó sí. Ó gbọ́ ohun tí Hófínì àti Fíníhásì ń ṣe, ó fi ẹnu lásán bá wọn wí, kò dá wọn lẹ́kun. Ibẹ̀ gan-an ló ti kan àwa Aládùúrà. Ìṣọ́ òru lónìí, orí òkè lọ́la, ìpàdé àgbà lọ́tùnla. A ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje fún ọmọ ọlọ́mọ, a kò sì mọ kíláàsì tí tiwa wà!

Ẹ má ṣì wá gbọ́, a kò ní kí ẹ pa ìṣọ́ òru tì. Ṣùgbọ́n lálẹ́ àjọ̀dún yìí, tí a bá ti ṣe ìdúpẹ́ tán, ẹ jẹ́ ká tètè tú ká, kí kálukú lè bá ọmọ rẹ̀ jẹun.