BARSILÁÌ PADÀ SÍ ILÉ RẸ̀

Ẹ̀kọ́ kíkà: 2 Sámúẹ́lì 17:27–29 àti 19:31–39.

 

Nígbà tí Dáfídì sá fún Ábúsálómù ọmọ rẹ̀, tí ó sọdá odò Jọ́dánì, ebi pa á, òùngbẹ gbẹ ẹ́, òun àti gbogbo ènìyàn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn mẹ́ta ni Bíbélì dárúkọ pé wọ́n gbé nǹkan wá fún wọn ní Mahanáímù, ọ̀kan nínú wọn sì ni Barsiláì ará Gílíádì. Ẹ wo ẹrù tí wọ́n gbé wá: ibùsùn, àwo, ìkòkò amọ̀, àlìkámà, ìyẹ̀fun, ẹ̀wà, oyin, àgùntàn. Nǹkan inú ilé ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ogun parí, tí ọba ń padà sí Jerúsálẹ́mù, ó ní kí Barsiláì kálọ, kí ó wá máa jẹun ní ààfin. Barsiláì ti di ẹni ọgọ́rin ọdún. Ó ní rárá. Ó sọ fún ọba pé ẹnu òun kò mọ adùn oúnjẹ mọ́, pé etí òun kò gbádùn ohùn akọrin mọ́, pé kí ọba jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun lọ kú sí ìlú òun, nítòsí ibojì àwọn òbí òun. Ó fi Kimhámù rọ́pò ara rẹ̀. Ǹjẹ́ ọba bínú? Kò bínú. Ó fi ẹnu kò ó lẹ́nu, ó súre fún un, baba arúgbó sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Ará, ó pẹ́ tí a ti ń ka ìwé Sámúẹ́lì, a ò sì dúró níbí yìí rí. Bàbá kan ló là á yé wa ní ọdún 2020, ní àgbàlá ilé rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ níhìn-ín. Ìtìjú díẹ̀ wà nínú ìtàn náà fún àwa aláàgbà, ṣùgbọ́n a ó sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹ ò ní gbàgbé ọdún náà. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ni wọ́n kéde ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn Kòrónà ní orílẹ̀-èdè wa. Kí oṣù náà tó parí, ìjọba ti ti ọ̀nà mọ́ Kútọnu, Àjàṣẹ́ àti àwọn ìlú tó yí wọn ká. Ẹni tó wà nínú kò gbọdọ̀ jáde, ẹni tó wà níta kò gbọdọ̀ wọlé. Àwọn ará wa ní Kétu àti Ṣábẹ́ kò sí nínú odi yìí, ṣùgbọ́n ṣé wọ́n lè wá bá wa ni? Ó di oṣù Karùn-ún kí ọ̀nà tó là. Ilé ìjọsìn wà ní títì títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà. Ẹnubodè Nàìjíríà tí wọ́n ti tì láti oṣù Kẹjọ 2019, oṣù Kejìlá 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣí i. Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n ní Ìdírókò tàbí Badagry á mọ ohun tí à ń wí.

Nígbà tí a ṣílẹ̀kùn ilé Ọlọ́run, inú wa dùn púpọ̀. A gbé garawa omi àti ọṣẹ sẹ́nu ọ̀nà, a wọ ìbòmú mọ́ sùtánà, a fa àga jìnnà síra. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò àrọ̀kúrò dé, tí ìkórè ń sún mọ́, a wo àárín ìjọ, a rí i pé àga àwọn arúgbó ló ṣófo jù. Ìkórè láìsí àgbà! Ẹ sì jẹ́ ká sọ òtítọ́ níwájú Ọlọ́run: kì í ṣe ojú àwọn àgbà nìkan là ń wá, owó ìkórè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àpótí ìjọ ti gbẹ láti ìgbà tí ilẹ̀kùn ti wà ní títì, òrùlé sì ń jò sórí àwọn akọrin. Nítorí náà a pín ara wa ní méjì méjì, a ní kí a lọ máa ké sí wọn nílé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá ni àwa méjì jáde. Ọ̀dọ̀ ìyá opó kan la kọ́kọ́ yà sí. Ìyá náà ní ẹ̀rù àrùn náà ń ba òun, pé ọmọ òun ní kí òun má jáde. A sọ fún un pé onígbàgbọ́ kì í bẹ̀rù. Gbólóhùn yẹn kò gbà wá ní àsìkò rárá, kò tó ìṣẹ́jú kan. Ìyá ní ó dáa, òun á wá. Inú wa dùn, a kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé.

Láti ibẹ̀ la ti gba ọ̀dọ̀ bàbá tí à ń wí lọ. Ọmọ Ṣábẹ́ ni. Ó ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin láyé ọjọ́un, lójú ọ̀nà tó ti Kútọnu lọ dé Párákù, kìlómítà 438, tó sì gba Ṣábẹ́ kọjá. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi ń jí kí àkùkọ tó kọ. Ó ti fẹ̀yìntì tipẹ́, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ìyàwó rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣú lọ.

A wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun wa. Bàbá wà lábẹ́ igi ọsàn pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé àti síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń sun àgbàdo lórí ẹyin iná. Rédíò kékeré kan ń sọ̀rọ̀ lórí ìjókòó. Ìyá jókòó sórí ẹní, ó ń ṣa ẹ̀wà, ọwọ́ ló fi ń mọ òkúta kì í ṣe ojú. A kí wọn, a ní, “Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá. Ẹ kú ilé, Mama.” Bàbá wo ẹsẹ̀ wa tí kò ní bàtà, tí ẹrẹ̀ ti bò. Ó pe ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó ní, “Bu omi wá fún àwọn aláàgbà, kí wọ́n ṣan ẹsẹ̀.” Ó wá fi àga wa sí ọ̀kánkán, ó jìnnà sí tirẹ̀ tó ẹsẹ̀ mẹ́rin. Inú wa kò dùn sí àga yẹn.

A sọ ohun tí a bá wá. A mẹ́nu ba Ánà wòlíì obìnrin nínú Lúùkù orí kejì, ẹni tó dàgbà tí kò sì fi tẹ́ḿpìlì sílẹ̀ lọ́sàn-án lóru. A rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Bàbá yí àgbàdo ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, Ánà ń gbé tẹ́ḿpìlì, òótọ́ ni. Barsiláì ńkọ́?”

A wo ara wa. Ká má purọ́, a kò rántí ẹni tí ń jẹ́ Barsiláì dáadáa.

Ó sọ ìtàn náà fún wa bí a ti sọ ọ́ fún yín lókè yìí. Ó wá ní, “Mo ti gbé ilé yìí ogójì ọdún, n ò mọ ìgbà tí igi ọsàn yìí máa ń tanná. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ojú irin ni mò ń wò. Nígbà tí mo fẹ̀yìntì, mo ní ìsinmi dé. Ẹ̀yin náà ẹ gbà mí: Ọjọ́ Ajé ìpàdé, Ọjọ́rú ìsìn, Ọjọ́ Ẹtì ìsìn, Àbámẹ́ta òkú sísin, Ọjọ́ Ìsinmi láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. N ò ráhùn o, iṣẹ́ Olúwa ni. Ṣùgbọ́n ọdún yìí tí wọ́n ti wá mọ́lé, ọdún yìí ni mo tó mọ̀ pé ìyàwó mi a máa kọrin tó bá ń ṣa ẹ̀wà. Àádọ́ta ọdún tí mo fẹ́ ẹ!”

Ìyá rẹ́rìn-ín lórí ẹní. Ó ní, “Ó máa ń rò pé rédíò ni.”

Bàbá ní láràárọ̀ òun a gbálẹ̀, òun a bomi rin ata, òun a se ewé tíì fún àwọn méjèèjì, òun a wá ka Orin Dáfídì kan sí ìyàwó òun létí, torí ojú rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ọ̀kan péré lójúmọ́, kí ó má baà tètè tán. Ó bi wá pé, “Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà nínú rẹ̀? Bí mo bá kó àrùn wá bá obìnrin yìí láti inú èrò, ta ni n ó máa kà á fún?”

A kò rí èsì. Òjò sì bẹ̀rẹ̀ lójijì, òjò àrọ̀kúrò tí kì í kì wọ́n nílọ̀, gbogbo wa sá sábẹ́ ìloro. Bàbá pín àgbàdo gbígbóná fún wa pẹ̀lú àgbọn. Ó tó wákàtí kan tí a kò lè lọ. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. À ń jẹ àgbàdo, à ń wo omi tó ń dà látorí páànù. Ará, a kì í fẹ́ jẹ́wọ́ irú èyí, ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mélòó kan tí a ti jókòó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, tí a kò wo aago.

Nígbà tí òjò dá, Bàbá wọlé, ó mú owó ìkórè rẹ̀ jáde nínú àpòòwé, ó pé pérépéré, ó lé díẹ̀. Ó fi lé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní, “Kimhámù mi nìyí. Ọjọ́ ìkórè, òun ni yóò gbé e wá.” A dúpẹ́, a lọ. Lójú ọ̀nà, ẹnìkejì wa ní ọgbọ́n àrékérekè ni, pé bàbá kàn fẹ́ sinmi ni. Àwa náà gbà bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìyá opó wá lóòótọ́. Ó wá Ọjọ́ Ìsinmi méjì tẹ̀lé ara wọn. Ní ọ̀sẹ̀ ìkórè gan-an ni ikọ́ mú un, ara rẹ̀ gbóná, èémí kò lọ dáadáa, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. A kò lè sọ pé àárín wa ló ti kó o. Ó lè jẹ́ ọjà, ó lè jẹ́ inú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n àwa la lọ fà á jáde nílé rẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí a wọlé lọ gbàdúrà lé e lórí, ìta ni a tan abẹ́là wa sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kí Olúwa tó gbé e dìde. Kò fi ọ̀rọ̀ kankan bá wa wí títí di òní. Tí a bá ń wàásù lórí ìgbàgbọ́ báyìí, tó sì jókòó níwájú wa, ojú rẹ̀ la kì í lè wò.

Lẹ́yìn èyí ni a tún ìwé Sámúẹ́lì ṣí. A rí i pé Barsiláì kò fi ìsìn sílẹ̀. Ó ti ṣe tirẹ̀ nígbà tí ebi ń pa ọba, ó sì bá ọba dé etí odò Jọ́dánì. Ohun tó béèrè kò ju ilé rẹ̀ lọ. Ọba tó ju gbogbo wa lọ nínú ìsìn kò rí ìyẹn sí àìnígbàgbọ́. Ẹ tún wo Sekaráyà 8:4. Nígbà tí Olúwa ń ṣèlérí ire fún Jerúsálẹ́mù, arúgbó tó jókòó sí ìgboro pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́ wà nínú ire náà. Kò rán wọn ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Wọ́n kàn jókòó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má wá fi Barsiláì bojú o! Ẹni ọgọ́rin ọdún ni. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún tó ń sùn títí oòrùn fi gun orí, ọ̀lẹ ni orúkọ tirẹ̀, ẹ ka Òwe 6.

A sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń gba owó ìfẹ̀yìntì. Ìyá tó ń ta àkàsà, bàbá tó ń gun zẹmijàn ní ẹni ọgọ́ta ọdún, ta ni yóò sọ fún wọn pé kí wọ́n jókòó sílé jẹ àgbàdo? Èyí ni a rò títí, tí a fi pinnu pé láti ìkórè 2021, kí a tó ta iṣu àti àgbàdo tí a kó wá síwájú pẹpẹ, a ó kọ́kọ́ yọ ti irú àwọn bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀. Òrùlé ṣì ń jò níbì kan. Kò burú.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà kì í ṣe pàjáwìrì fún gbogbo ayé mọ́. Àga ti sún mọ́ra padà, ìbòmú ti kúrò lẹ́nu wa. Aláàgbà tó bá tún fẹ́ lọ ké sí arúgbó nílé báyìí, kí ó kọ́kọ́ jókòó, kí ó béèrè bí wọ́n ṣe jí, kí ó jẹ ohun tí wọ́n bá fún un. Ìwé orúkọ lè dúró nínú àpò.

Bàbá wa ti sùn nínú Olúwa. Ìyá ṣì wà, kò ríran mọ́ rárá, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣa ẹ̀wà. Àwa aláàgbà ń gba ọjọ́ láàrin ara wa láti lọ kàwé sí i létí, ọ̀kan péré lójúmọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kí ó wá ní aago mẹ́jọ àárọ̀ pẹ̀lú Bíbélì rẹ̀. Orin Dáfídì 71 ni ó kàn.