Klórínì Nínú Omi Ìjọsìn

Omi adágún ìwẹ̀ tí wọ́n da klórínì sí, ṣé ó ṣì tó omi tí ènìyàn lè fi jọ́sìn? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ààfáà nìkan ní Sùúrùlérè, Yábà àti Múṣin ní Èkó, níbi tí Mùsùlùmí àti Kristẹni ti sábà máa ń jẹ́ ọmọ bàbá kan náà. Ọmọ kan lè fẹ́ wẹ ìwẹ̀ jánábà, ìwẹ̀ ìmọ́ra ti Mùsùlùmí, nínú adágún ẹ̀yìn ilé, kí ìjọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń lọ sì fẹ́ ṣe ìrìbọmi nínú adágún yẹn kan náà. Ohun tí àwọn méjèèjì ní láti mọ̀ ni bóyá nǹkan tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà sómi lè ba ipò omi náà jẹ́ níwájú Ọlọ́run.

Omi kànga ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ ilé ní àdúgbò wọ̀nyí ń lò. Omi abẹ́ ilẹ̀ Èkó sábà máa ń ní ásíìdì díẹ̀, irin sì máa ń wà nínú rẹ̀. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n bí ìyẹ̀fun klórínì bá ti kàn án, irin yẹn á dípẹtà, nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, gbogbo adágún á ti pọ́n bí omi tíì. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ a wá da álọ́ọ̀mù sí i kí ìpẹtà náà lè rọlẹ̀, wọn a sì fi páìpù fà á jáde. Ẹni tó bá ti jókòó ní ilé kéwú mọ̀ pé ohun mẹ́ta ni wọ́n fi ń yẹ omi wò: àwọ̀, ìtọ́wò àti òórùn. Risala, ìwé òfin ẹ̀sìn tí Ibn Abi Zayd al-Qayrawani kọ, jẹ́ kó yé ni pé omi tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà nítorí ilẹ̀ tó dúró sí, ìbáà jẹ́ ilẹ̀ oníyọ̀ tàbí ẹrẹ̀ dúdú, kò kúrò ní omi àlùwàlá. Irin abẹ́ ilẹ̀ wà lábẹ́ ìdájọ́ yìí. Kò sí ẹni tó máa fẹ́ wọ adágún tó pọ́n bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kì í ṣe nájísì, ohun ẹlẹ́gbin.

Klórínì ní tirẹ̀ kò bá omi jáde láti inú ilẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀lé Imáàmù Malik, bí ohun tó mọ́ tí kì í sábà bá omi gbé, bíi wàrà, bá yí omi padà, omi náà dára fún mímu, ṣùgbọ́n kò ṣe é ṣe àlùwàlá mọ́. Iyọ̀ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dà sómi ńkọ́? Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí ìyẹn, Khalil ibn Ishaq, ará Íjíbítì ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, sì mẹ́nu ba àríyànjiyàn wọn nínú ìwé òfin rẹ̀, Mukhtasar. Ẹnì kan lè sọ pé ìdájọ́ iyọ̀ kan klórínì náà, nítorí inú omi iyọ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ ti ń fi iná mànàmáná yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí yẹn kò lágbára, nítorí ohun tí iyọ̀ dà kì í ṣe iyọ̀ mọ́. Ẹ̀rí tó lágbára jù pé omi náà kò kúrò ní ipò rẹ̀ ni pé ìwọ̀nba ni klórínì inú rẹ̀: mílígíráàmù 1 sí 3 nínú lítà omi kan, èyí tí kò yí àwọ̀ omi padà rárá. Ní 1978, Ìgbìmọ̀ Àwọn Àgbà Onímọ̀ ní Saudi Arabia gbé ọ̀rọ̀ tó le ju èyí lọ yẹ̀ wò, ìyẹn omi ìdọ̀tí tí wọ́n ti sẹ̀. Wọ́n ní bí àmì ẹ̀gbin bá ti kúrò ní àwọ̀, ìtọ́wò àti òórùn rẹ̀, a lè fi ṣe àlùwàlá. Bí omi gọ́tà bá lè padà bọ̀ sípò, ó ṣòro láti rí ìdí tí omi tí kò dọ̀tí rí yóò fi pàdánù ipò rẹ̀ nítorí ohun tí wọ́n fi dáàbò bò ó.

Lórí òórùn ni ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀ jù. Òórùn líle tí àwọn ènìyàn ń pè ní ti klórínì kì í sábà jẹ́ ti klórínì fúnra rẹ̀. Nígbà tí klórínì bá pàdé òógùn àti ìtọ̀ nínú omi ni nǹkan mìíràn tí ń jẹ́ chloramine ń jáde, òun ló ń rùn, òun ló sì ń ta ènìyàn lójú. Adágún tó bá ń rùn bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbin ló ti borí klórínì inú rẹ̀; klórínì sí i ló nílò, títí chloramine yóò fi jó tán. Imú tí ààfáà ní kí a fi yẹ omi wò kò parọ́ níhìn-ín. Ànábì ti kọ̀ fún ènìyàn láti tọ̀ sínú omi tí kò ṣàn kó tún wá wẹ̀ nínú rẹ̀, Imáàmù Malik kò sì fẹ́ kí ẹni tó ní jánábà lọ rì sínú irú omi bẹ́ẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ wẹ̀ níta ni ó dára jù, ohun kan náà tí wọ́n ń kọ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún.

Síbẹ̀, imú kò rí kòkòrò àrùn. Agbára klórínì láti pa wọ́n dá lé pH, ìwọ̀n tó ń fi bí omi ṣe ní ásíìdì tó hàn: ní pH 7.5, nǹkan bí ìdajì klórínì ló wà ní ipò tó ń pa kòkòrò dáadáa. Bí pH bá gòkè dé 8, á kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Oòrùn Èkó náà lè run klórínì tí kò ní ààbò láàrin wákàtí díẹ̀, ìdí nìyí tó fi dára kí wọ́n dà á sí i lálẹ́. Omi tó mọ́ gaara, tí kò rùn, lè máa gbé àrùn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń bu omi sínú ìgò kékeré, tí wọ́n ń kán oògùn ìdánwò sí i: bí ó bá di pínǹkì, klórínì wà níbẹ̀.

Láàrin àwọn Kristẹni, Didache, ìwé ìlànà ìjọ àtijọ́, fẹ́ omi tó ń ṣàn fún ìrìbọmi, ṣùgbọ́n ó gba omi mìíràn bí ìyẹn kò bá sí. Àwọn Onítẹ̀bọmi kọ́ adágún sínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ le díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Aládùúrà. Láti ìgbà ìsọjí Joseph Ayo Babalola ní Iléṣà ní 1930 ni omi ìyè ti gbilẹ̀ láàrin wọn, omi tí àdúrà nìkan wọ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ oògùn gbogbo sílẹ̀. Lójú ẹni tó dàgbà sínú ẹ̀kọ́ yìí, kẹ́míkà nínú omi dà bí àìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 2, sọ bí Èlíṣà ṣe béèrè àwo tuntun àti iyọ̀, tó sì da iyọ̀ náà sí orísun omi Jẹ́ríkò. Olúwa ló wo omi náà sàn, síbẹ̀ wòlíì kò fi iyọ̀ sílẹ̀. Ìjọ tó bá yá adágún fún ìrìbọmi yẹ kó yẹ omi náà wò láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kí ó tó gbàdúrà sí i.

Àmánà, ohun tí a fi síkàáwọ́ ẹni, ni adágún jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, nínú ẹ̀sìn méjèèjì. Kí pH wà láàrin 7.2 sí 7.8. Ìyẹ̀fun klórínì ni wọ́n ń dà sínú omi, wọn kì í da omi lé e. Wọn kò gbọ́dọ̀ po oríṣi klórínì méjì pọ̀, wọn kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ásíìdì kàn án, nítorí gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ lè pa ènìyàn. Aládùúgbò náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀: ní Múṣin, níbi tí ilé ti fara kan ilé tí gọ́tà sì jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, kí wọ́n fi omi adágún sílẹ̀ sínú oòrùn títí klórínì yóò fi tán nínú rẹ̀ kí wọ́n tó tú u dànù.