Ṣé Ó Yẹ Kí Bàbá Sanwó Yàrá Ọmọ Tó Ti Ń Ṣiṣẹ́?

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Ọmọ mi obìnrin ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Ìbàfò. Ifọ̀ ni à ń gbé. Kí àkùkọ tó kọ ni yóò ti jáde. Yóò gba Sángo, yóò gba Èkó kọjá, kó tó bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló ń wọlé. Owó ọkọ̀ ń jẹ owó oṣù rẹ̀ bí ikán ṣe ń jẹ igi. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo ti rí yàrá kan ní Mowé. Ẹ bá mi fi nǹkan kún owó ọdún kan tí onílé ń béèrè.”

Mo ní rárá. Mo ní, “Nígbà tí èmi ń bẹ̀rẹ̀ ayé mi, ta ló fún mi ní kọ́bọ̀? Ẹni tí kò bá jìyà kì í mọ iyì owó.” Kò bá mi jiyàn. Ó dìde, ó ní, “Ẹ ṣeun, sà.”

Oorun ò kùn mí lóru ọjọ́ náà, nítorí irọ́ ni mo pa. Lóòótọ́, bàbá mi kò fún mi ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tó ọkùnrin, ó nawọ́ sí igun kan nínú agbo ilé wa, ó ní ibẹ̀ ni tèmi. Àwọn ẹgbẹ́ mi bá mi ṣe ọ̀wẹ̀, wọ́n po amọ̀, wọ́n mọ ògiri. Ìyá mi gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún wọn. Mo pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún kí n tó mọ ohun tí à ń pè ní owó ilé. Ìrànlọ́wọ́ wo ló tún jù bẹ́ẹ̀ lọ? Torí pé amọ̀ ni, tí kì í ṣe náírà, ni mo ṣe gbàgbé rẹ̀.

Ayé ti yí. Ọ̀nà márosẹ̀ tí ìjọba ṣí ní 1978 ló sọ Mowé àti Ìbàfò di ìlú àwọn òṣìṣẹ́ tí owó ilé Èkó lé jáde. Kò sí igun agbo ilé fún ọmọ ẹlòmíràn níbẹ̀, owó ni. Ìṣirò owó náà kò sì bára mu: oṣooṣù ni ọmọ ń gbowó, ọdọọdún ni onílé ń gba tirẹ̀, a ò tíì ka àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ́ọ̀nù ajẹ́ńtì. Ní 2011, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin náà dára, àmọ́ òfin Èkó kò dé Ògùn. Bó tilẹ̀ dé, oṣù méjìlá ṣì ni ọdún kan. Ọmọ tó lè sanwó yàrá lóṣooṣù kò lè san án pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣé ọ̀lẹ la ó wá pè é ni?

Nílẹ̀ Faransé, láti 1977 ni ìjọba ti ní owó ìrànlọ́wọ́ ilé kan tí àwọn ọ̀dọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ náà ń jẹ nínú rẹ̀. Níbí, bàbá àti ìyá ni ìjọba.

Àwọn kan á ní irú owó bẹ́ẹ̀ ń ba ọmọ jẹ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìwà àwa tí à ń fúnni ló bà mí lẹ́rù jù. Ọ̀rẹ́ mi kan sanwó yàrá ọmọ rẹ̀. Bí èdè àìyedè bá ti dé, owó yàrá ni yóò máa kà sí i létí. Ó fẹ́ mọ ẹni tó wá kí i, ó fẹ́ yan ìyàwó fún un. Ọmọ náà kì í yà sílé mọ́. Ẹni tó sanwó yàrá kò ra ẹni tó ń sùn nínú rẹ̀.

Mo lọ yá owó ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa, mo kó o fún ọmọ mi. A jọ ṣàdéhùn pé yóò máa dá a padà lóṣooṣù, torí àwọn àbúrò rẹ̀ ṣì wà nílé ìwé. Bó bá dá a tán, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Mo sì jẹ́wọ́ irọ́ mi fún un.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ kí i ní Mowé. Mo kanlẹ̀kùn, mo dúró títí ó fi ní kí n wọlé.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ ká gbàgbé àwọn tó mọ ògiri fún wa. Bí ó bá sì kàn wá láti mọ ti ọmọ wa, ẹ jẹ́ ká fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.