ẸRAN TÍ ỌLỌ́HUN KÒ GBÀ FÚN ILÉYÁ, Ẹ MÁ TÀ Á FÚN ALÁDÙÚGBÒ

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, lẹ́yìn àsálátù ọjọ́ Àìkú kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń kọ́ṣẹ́ alápatà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní: “Àfáà, màlúù kan ń gbọ̀n, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò lè dìde mọ́. Ọ̀gá mi ní kí n tètè dúńbú rẹ̀ kí ó má baà di òkúǹbete. Mo ṣe bísímílà, a sì ta ẹran náà tán. Ṣé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀?”

Ẹ̀yin ará mi, nínú Súrátù Máídà, ẹsẹ 3, Ọlọ́hun ṣe òkúǹbete ní èèwọ̀ fún wa, Ó sì yọ èyí tí a bá dúńbú kí ó tó kú sílẹ̀. Ní ti ọ̀bẹ, ọmọ yìí ní ohun tí ó lè dì mú. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í pa àrùn.

Ànábì wa kọ́ wa pé ẹran mẹ́rin kò yẹ fún Iléyá: èyí tí ojú rẹ̀ fọ́ gbangba, èyí tí àìsàn rẹ̀ hàn gbangba, èyí tí ó ń tiro gbangba, àti èyí tí ó rù kan egungun. Ẹran tí Ọlọ́hun kò gbà lọ́wọ́ wa nítorí àìsàn, ṣé òun ni ó yẹ kí a gbé sórí àtẹ fún ìyá arúgbó tí ó fẹ́ se ọbẹ̀ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àsọdùn. Ní oṣù July 2023, ìjọba Nàìjíríà fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn anthrax wọ oko ẹran kan ní agbègbè Suleja, Ìpínlẹ̀ Niger. Ní oṣù tí ó ṣáájú rẹ̀, wọ́n ti kéde rẹ̀ ní àríwá Ghana, níbi tí ó ti pa màlúù, tí ó sì pa ènìyàn. Ẹran tí ó bá ní i lè ṣubú kú lójijì, kí ẹ̀jẹ̀ tí kì í dì máa jáde ní imú, ẹnu àti ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó bó awọ rẹ̀ lè ní egbò tí àárín rẹ̀ dúdú. Ẹni tí ó jẹ ẹ́ lè kú. Ẹ má sọ pé ẹ ó sè é jinná: kòkòrò rẹ̀ lè fara da omi híhó, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ikọ́ ẹ̀gbẹ màlúù ń gba inú wàrà tí a kò sè wọ ara ènìyàn.

Nítorí náà, ẹ má fọwọ́ kan ẹran tí ó kú lójijì, ẹ má là á, ẹ má bó o. Ẹ pe dókítà ẹran. Ẹ ra ẹran níbi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jẹ́ kí wàrà hó dáadáa kí ẹ tó mu ún.

Ọmọ náà ní: “Àfáà, gbèsè ni ọ̀gá mi fi ra màlúù yẹn ńkọ́?” Mo mọ̀ pé àdánù ńlá ni. Ṣùgbọ́n Ànábì ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ ọlọ́jà kan, ó kan èyí tí ó tutù nísàlẹ̀. Ó bi í pé kí ló dé tí kò gbé e sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì sọ pé ẹni tí ó ń rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara wa. Bí ó bá sọ èyí nítorí oúnjẹ tí òjò pa, kí ni yóò sọ nípa àrùn tí a fi pamọ́?

Mo ní kí ó túúbá, kí ó sì lọ sọ fún dókítà ẹran àti àwọn tí ó rà á. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ lé e. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ kàn wá. Ẹ jẹ́ kí a bá a wá ibòmíràn tí yóò ti parí iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹni tí ó sọ òdodo má baà kábàámọ̀ láàárín Mùsùlùmí.

Kí Ọlọ́hun fi halálì tó wa, kí Ó sì dáàbò bo ilé wa. Àmín.