Wo Ọmọ Tó Wà Nílé Kí O Tó Ra Ẹ̀rọ Ìsáré

Ìwọ tí dókítà ti ní kí o máa ṣe eré ìmárale, tí o sì ti ń ṣírò owó ẹ̀rọ tí o fẹ́ gbé wálé, jọ̀wọ́, jẹ́ kí owó náà wà lápò ná. Gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kí o tó lọ sọ́jà.

Lóṣù Kẹta ọdún 2021, ìròyìn kàn ní Amẹ́ríkà pé ọmọ ọdún 6 kan ti kú. Ẹ̀rọ ìsáré ló fà á wọ abẹ́ ara rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kì í ṣe ayédèrú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọjà gbàǹjo. Tread+ lorúkọ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Peloton ló ṣe é, dọ́là 4,295 ni wọ́n sì ń tà á nígbà náà.

Bí o bá ti dúró rí nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata, o mọ̀ pé bẹ́líìtì tó ń yí kò mọ aṣọ yàtọ̀ sí ọwọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ ìsáré rí. Ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ á yí lọ sẹ́yìn, á sì gba abẹ́ padà síwájú. Ti Tread+ ìgbà náà ga nílẹ̀, àyè wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí ohun tó dí ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tó bá ti kan ẹ̀yìn yẹn, ìbáà ṣe bọ́ọ̀lù, ìbáà ṣe ajá, ìbáà ṣe ọwọ́ ọmọ, ó lè fà á wọlé.

Má sọ pé òbí tí kò bójú tó ọmọ ló fà á. Ó kéré tán, ọ̀kan nínú irú ìjàǹbá yìí ṣẹlẹ̀ nígbà tí òbí gan-an wà lórí ẹ̀rọ, tó ń sáré. Iwájú ni ojú ẹni tó ń sáré ń wò, ẹ̀yìn ni ewu wà.

Ohun tó dùn mí jù nìyí: wọ́n mọ̀. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2018 ni ẹ̀sùn ti ń dé etí ilé-iṣẹ́ náà pé ẹ̀rọ yìí ń fa nǹkan wọ abẹ́. Wọn ò sọ fún ìjọba bó ṣe yẹ, wọ́n ń tà á lọ. Ìgbà tí wọ́n máa fi sọ ọ́ lóṣù Kẹta ọdún 2021, irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ti lé ní 150, ọmọ sì ti kú. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin, àjọ CPSC, tó ń rí sí ààbò ọjà ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ fáráyé pé kí ẹni tó bá ní ọmọ kékeré nílé má lò ó mọ́. Ọjọ́ yẹn, ọ̀nà ṣì wà fún Peloton láti sọ pé, "Ẹ pa á, ẹ má tàn án mọ́." Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àjọ náà kò rí bẹ́ẹ̀, pé ó ń ṣi aráàlú lọ́nà. Ọjọ́ 18 gbáko ló kọjá. Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ni wọ́n tó ní kí àwọn tó rà á dá nǹkan bí 125,000 ẹ̀rọ padà, ọ̀gá wọn nígbà náà, John Foley, sì tọrọ àforíjì. Ní 2023, wọ́n san owó ìtanràn tó lé ní mílíọ̀nù 19 dọ́là. Èwo nínú owó yẹn ló lè jí ọmọ dìde?

O lè ní ìwọ kọ́, o ò ní ra Peloton. Rántí Mike Tyson, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2009, nílé wọn ní Phoenix, okùn kan tó rọ̀ sílẹ̀ lára ẹ̀rọ ìsáré há mọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́rùn. Ọmọ ọdún 4 ni. Ó kú lọ́jọ́ kejì.

Nítorí náà, bí o bá dé iwájú ẹni tó ń ta tòkunbọ̀, má tíì bèèrè iye rẹ̀. Bèèrè kọ́kọ́rọ́ ààbò, èyí tí a máa ń so okùn rẹ̀ mọ́ aṣọ. Ní kí wọ́n tàn án, kí o yọ kọ́kọ́rọ́ náà. Bí ẹ̀rọ ò bá dúró lójú ẹsẹ̀, tàbí kọ́kọ́rọ́ ti sọnù, máa lọ sílé. Ẹ̀yìn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní àyè tó tó mítà 2. Ìwọ tó ń gbé yàrá kan pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, níbo lo fẹ́ gbé e sí?

Ọkàn rẹ kò mọ iye tí o ra nǹkan. Kí o máa mí hẹlẹhẹlẹ ló ń fẹ́. Àjọ WHO, tó ń rí sí ìlera lágbàáyé, ní kí àgbàlagbà ṣe eré ìmárale fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán, ìrìn kánmọ́-kánmọ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún ọjọ́ márùn-ún sì ti pé e. Àtẹ̀gùn ilé wà níbẹ̀. Okùn fífò náà wà, bí dókítà bá ti ní orúnkún àti ẹ̀jẹ̀ rẹ gbà á. Ìyẹn ni èmi ì bá rà bí mo bá wà nípò rẹ. Bí o bá fò ó tán, má jù ú sórí àga. Ká a, kí o sì gbé e kọ́ síbi tí ọwọ́ ọmọ ò tó.