Bí Inú Ìràwọ̀ Ńlá Bá Ru

Bíbélì kíkà: Númérì 20:1–13, Orin Dáfídì 106:32–33

  

Nínú Aísáyà 40:26, Ọlọ́run ní kí a gbé ojú wa sókè, kí a wo àwọn ìràwọ̀, kí a sì ronú nípa ẹni tó dá wọn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a wo ẹyọ kan péré nínú wọn lónìí. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń pè é ni Eta Carinae. Ìhà gúúsù ojú ọ̀run ló wà. Láti ilẹ̀ Yorùbá níbí, kì í gòkè púpọ̀. Ní oṣù Épírì àti oṣù Méè, lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ìsàlẹ̀ lápá gúúsù la ti lè wá a. Bí wọ́n bá sì mú iná lọ ní gbogbo àdúgbò, a jẹ́ pé wọ́n ràn yín lọ́wọ́ nìyẹn, torí òkùnkùn ló ń jẹ́ kí irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn.

ÌTÀN ÌRÀWỌ̀ NÁÀ

Ní ọdún 1677, ọ̀dọ́mọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Edmond Halley wà ní erékùṣù St Helena, ó ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ìràwọ̀ ìhà gúúsù. Ó kọ ìràwọ̀ yìí mọ́ àwọn tí ìmọ́lẹ̀ wọn kò pọ̀. Nígbà tó di oṣù Disẹ́ḿbà ọdún 1837, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ John Herschel wà ní Cape, ní gúúsù ilẹ̀ Áfíríkà. Ó gbé ojú sókè lóru ọjọ́ kan, ó sì rí i pé ìràwọ̀ tí òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ti mọ́lẹ̀ kọjá ààlà. Ní oṣù Máàṣì ọdún 1843, nínú gbogbo ìràwọ̀ òru, Sirius nìkan ṣoṣo ló mọ́lẹ̀ jù ú lọ. Àwọn Boorong, tí í ṣe ọmọ onílẹ̀ ní Ọsirélíà, rí i pẹ̀lú, wọ́n sì fi í sínú ìtàn ìràwọ̀ wọn.

Bí ẹni bá wo ojú ọ̀run lọ́dún náà, yóò sọ pé ìràwọ̀ yìí ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ipò ògo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an yàtọ̀. Ìràwọ̀ náà ń ya ara rẹ̀ jù nù ni. Láàárín nǹkan bí 20 ọdún, ó tú ẹrù tó wúwo ju oòrùn wa ní ìlọ́po mẹ́wàá lọ dà sí òfuurufú. Ẹrù náà ṣì ń sáré títí di òní: láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, ó ń rin nǹkan bí 650 kìlómítà. Èyí ju ìrìn Èkó sí Ìbàdàn, àlọ àti àbọ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi awò awọ̀nàjíjìn wò ó, wọ́n rí i pé ohun tó tú jáde náà ti di ìkùukùu ńlá méjì tó so mọ́ ara wọn.

Kí ló fà á? Nínú gbogbo ìràwọ̀, agbára méjì ló ń du ara wọn. Ọ̀kan ni agbára òòfà, tó ń fa ohun gbogbo wọlé. Èkejì ni ooru àti ìmọ́lẹ̀ tó ń ti inú wá, tó ń ti ohun gbogbo síta. Nínú oòrùn wa, àwọn méjèèjì dọ́gba, ìdí nìyẹn tí a fi ń rí i láràárọ̀ láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n Eta Carinae kì í ṣe ẹgbẹ́ oòrùn. Ìràwọ̀ méjì ló ń yí ara wọn po níbẹ̀, èyí tó tóbi jù wúwo tó nǹkan bí oòrùn 100 tí a kó jọ, ìmọ́lẹ̀ àwọn méjèèjì sì tó ti oòrùn mílíọ̀nù márùn-ún. Ìmọ́lẹ̀ inú irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ débi pé díẹ̀ ló kù kó borí òòfà tó dì í mú. Ohun kékeré tó bá tún kún un, awọ ìta rẹ̀ á ṣí. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tó kún un lọ́dún náà lọ́hùn-ún, àwọn kan tilẹ̀ gbà pé ìràwọ̀ kẹta kan ló wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn mọ̀ pé ìràwọ̀ tó ti dé etí bèbè ni.

Àwọn ìràwọ̀ ńlá a sì máa tètè dé etí bèbè. Oòrùn wa lè lo nǹkan bí bílíọ̀nù mẹ́wàá ọdún. Irú Eta Carinae kò lè lò ju mílíọ̀nù ọdún díẹ̀ lọ, torí ó ń jó epo rẹ̀ bí ẹni tí kò rò pé ọ̀la ń bọ̀.

MÓSÈ NÍ ÀPÁTA MÉRÍBÀ

Ìràwọ̀ kò ní ọkàn, kò sì dẹ́ṣẹ̀. Ohun tí Ọlọ́run dá a láti ṣe ló ń ṣe. Àwa tí a ní ọkàn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹ jẹ́ kí a wá lọ sí Númérì 20.

Mósè ti súnmọ́ 120 ọdún nígbà náà. Ìrìn ogójì ọdún ti ń parí lọ, Kénáánì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fojú hàn. Ẹsẹ kìíní sọ fún wa pé ibẹ̀ ni Míríámù kú sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí. Kò pẹ́ tó sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí àwọn èèyàn fi dé sí i lọ́rùn nítorí omi. Ọlọ́run ní kó mú ọ̀pá, kó sì bá àpáta sọ̀rọ̀. Mósè mú ọ̀pá náà, ó pe àwọn èèyàn ní ọlọ̀tẹ̀, ó sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun àti Áárónì ló fẹ́ fún wọn lómi, ó sì lu àpáta lẹ́ẹ̀mejì.

Omi jáde. Omi yẹn pọ̀ dáadáa, èèyàn àti ẹran ọ̀sìn mu, wọ́n yó. Bí a bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, a ó pariwo halelúyà. Àmọ́ ní ẹsẹ 12, Olúwa sọ fún un pé kò ní mú ìjọ náà wọ ilẹ̀ ìlérí. Ẹni tí Númérì 12:3 pè ní ọlọ́kàn tútù jù lọ láyé, ìbínú ìṣẹ́jú díẹ̀ ló gba Kénáánì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a mú níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kìíní: Omi tó jáde kọ́ ni ẹ̀rí pé inú Ọlọ́run dùn. Lọ́dún 1843, ìmọ́lẹ̀ ni ayé rí, àdánù ló ń ṣẹlẹ̀. Ní Méríbà, omi ni ayé rí, Mósè ló ń pàdánù. Mo mọ fẹ́lóṣíìpù kan tí akọrin ti pẹ́ dé ìgbáradì. Aṣáájú kan, tó ku oṣù méjì péré kó parí sáà rẹ̀, dojú kọ arábìnrin jambite kan lójú gbogbo ìpàdé òṣìṣẹ́, ó sì fi ọ̀rọ̀ gún un títí ọmọ náà fi ń sunkún. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, gbogbo akọrin dé kí aago tó lù. Àwọn kan ní, "Ẹ ò rí i? Ó ṣiṣẹ́." Lóòótọ́ ni, omi jáde. Ṣùgbọ́n arábìnrin yẹn kò padà wá mọ́. Nígbà tí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá bi í léèrè, ó ní bí àwọn ọmọ Ọlọ́run bá lè sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí òun, òun kò rí ohun tí wọ́n fi yàtọ̀ sí àwọn ará gáréèjì. Ẹ̀yin ará, ta ni yóò dáhùn fún ọkàn yẹn?

Ẹ̀kọ́ kejì: Bí ẹ̀bùn ṣe tóbi tó ni ìjánu gbọ́dọ̀ tóbi tó. A máa ń gbàdúrà pé kí Olúwa fi iná sí wa nínú. Àdúrà rere ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbàdúrà fún ohun tí yóò di iná náà mú? Òwe 25:28 fi ẹni tí kò lè kó ẹ̀mí ara rẹ̀ níjàánu wé ìlú tí odi rẹ̀ ti wó. Ẹlòmíràn nínú wa ń darí àdúrà ní òru, ó ń kọ púrójẹ́ẹ̀tì, ó ń wá owó ilé ìwé, ó sì tún ń ṣe ìbẹ̀wò. Kò sùn, kò jẹun, kò sì sí ẹni tó lè bi í pé báwo ni. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti dé etí bèbè. Ọ̀rọ̀ kékeré kan báyìí ló kù. Àwọn àgbà ní ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kẹta: Ohun tí a bá tú jáde ni yóò padà wá bo ìmọ́lẹ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn ìràwọ̀ náà. Lẹ́yìn ọdún 1858, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn. Nígbà tó fi di àárín àwọn ọdún 1880, ojú lásán kò rí i mọ́. Ìràwọ̀ náà kò kú o! Ohun tó tú jáde ló tutù, tó di eruku, tó sì bò ó mọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ṣì wà nínú, àwọn tó wà níta ni kò rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ẹnu wa. Ẹyin lohùn. O lè wàásù dáadáa lọ́jọ́ Sunday, ṣùgbọ́n ẹni tí o bú lọ́jọ́ Thursday kò ní gbọ́ ìwàásù náà. Eruku ọ̀rọ̀ rẹ ló máa rí.

ṢÉ JÉSÙ KÒ BÍNÚ NI?

Ẹnì kan lè sọ pé Jésù pàápàá bínú, ó lé àwọn oníṣòwò jáde nínú tẹ́ḿpìlì. Òótọ́ ni. Ẹ wo Máàkù 3:5. Ó bínú nítorí pé ọkàn àwọn èèyàn le, ó sì bà á nínú jẹ́. Kí ló ṣe tẹ̀ lé e? Ó wo ọwọ́ ọkùnrin tó rọ sàn. Ìbínú Jésù gbèjà aláìlera, ó sì parí sí ìwòsàn. Ìbínú tiwa sábà máa ń gbèjà orúkọ wa, a sì máa ń dà á lé aláìlera lórí. Jákọ́bù 1:20 jẹ́ kó yé wa pé irú ìbínú èèyàn bẹ́ẹ̀ kì í bí òdodo Ọlọ́run.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Àkọ́kọ́, sinmi. Nígbà tí agara dá Èlíjà, tó ní kí òun kú, áńgẹ́lì kò kọ́kọ́ wàásù fún un. Oúnjẹ ló gbé fún un, ó sì jẹ́ kó sùn (1 Àwọn Ọba 19).

Èkejì, bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ ọ́, lọ bá òun nìkan, gẹ́gẹ́ bí Mátíù 18:15 ti kọ́ wa. Ìpàdé òṣìṣẹ́ kì í ṣe ilé ẹjọ́.

Ẹ̀kẹta, bí o bá ti bú èèyàn ní gbangba, má ṣe lọ tọrọ àforíjì ní kọ̀rọ̀. Ibi tí o ti dà á sílẹ̀ ni kí o ti kó o.

Ẹ̀kẹrin, má ṣe fi ìkìlọ̀ ṣeré. Ní ọdún 2004, ará Japan kan tó ń jẹ́ Koichi Itagaki rí ìmọ́lẹ̀ kan tó ṣàdédé yọ nínú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kan tó jìnnà réré, tó sì tún wọlé. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, ìràwọ̀ bú gbàmù níbi kan náà gan-an, ó sì parí sí i. Ìtújáde àkọ́kọ́ kò pa á, ṣùgbọ́n ó ti fi hàn pé inú kò dá mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, àbúrò mi, bí o bá ti ń jágbe mọ́ èèyàn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, má sọ pé ìwà rẹ nìyẹn. Wá ẹni tí yóò bá ọ gbàdúrà, kí o sì sọ òtítọ́ fún un.

ORE-Ọ̀FẸ́ ṢÌ WÀ

Eruku tó bo Eta Carinae ń tàn káàkiri, ó sì ń fẹ́lẹ́ sí i. Lónìí, ojú lásán tún ń rí ìràwọ̀ náà. Mósè náà ńkọ́? Kò wọ Kénáánì nígbà ayé rẹ̀, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ṣùgbọ́n nínú Mátíù 17, lórí òkè tí Jésù ti para dà, ta la rí tó ń bá Olúwa sọ̀rọ̀? Mósè ni! Ẹsẹ̀ rẹ̀ padà tẹ ilẹ̀ tí wọ́n fi dù ú, ìmọ́lẹ̀ Jésù ló sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ìbínú Mósè.

Ẹ̀yin tí ẹ máa tó gbé iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kí a rántí yín fún ariwo ìparí. Ẹ jẹ́ kí arábìnrin jambite kan lè sọ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá pé nítorí sùúrù yín ni òun ṣe wà nínú ìgbàgbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà: Baba, dì mí mú láti inú wá. Gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti ṣe ọmọ rẹ léṣe, fún mi ní ìgboyà láti padà síbẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí n fi etí bèbè Kénáánì ṣe ibi ìṣubú. Ní orúkọ Jésù. Àmín.